Lẹ́tà ṣíṣí sí Alága ẹgbẹ́ wa ní Èkó: Ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé ìpolongo yín

Epétedó, Erékùṣù Èkó
Oṣù Kẹsàn-án, 2022

Sí Alága ẹgbẹ́ wa ní ìpínlẹ̀ Èkó, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ olùdarí,

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mò ń ká àǹkárá lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí ọmọ àdúgbò wa kan na fóònù rẹ̀ sí mi. Orúkọ ló tò lọ rẹrẹ lórí WhatsApp: àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìpolongo ìbò ààrẹ ní Erékùṣù Èkó. Èmi ni nọ́ńbà 17. Wọ́n kọ "Alákòóso àwọn obìnrin ọjà" síwájú orúkọ mi. Ẹnikẹ́ni ò pè mí, ẹnikẹ́ni ò bi mí, kódà wọn ò kọ orúkọ bàbá mi dáadáa. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ajé, lẹ́tà mìíràn tún dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìbáwí, pé kí n ṣàlàyé láàárín wákàtí 48 ìdí tí mo fi ń sọ káàkiri ọjà pé mi ò ní polongo fún ẹni tí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀. Ọwọ́ kan ń dé mi ládé, ọwọ́ kejì ń wá pàṣán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀ ná.

Gbangba lẹ ti lẹ orúkọ mi, gbangba náà ni màá ti fèsì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìbẹ̀rù kan kúrò lọ́kàn yín. Mi ò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, mi ò gba káàdì ẹgbẹ́ kankan mìíràn. Ẹni tí mo dìbò fún ní Àbújá, nígbà tí mo lọ ṣe dẹ́ligéètì, ìyẹn aṣojú wọ́ọ̀dù wa níbi tí ẹgbẹ́ ti yan olùdíje ààrẹ, fìdí rẹmi, mo sì ti gbà pé ó fìdí rẹmi. Mo ti pàdánù ọjà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé mi. Ohun tí mi ò gbà ni pé kí ẹ gba ìbò wọ́ọ̀dù wa lọ́wọ́ mi, kí ẹ tún wá ní kí n máa jó tẹ̀lé ẹni tí ẹ tìtorí rẹ̀ gbà á.

1. Ẹni tó rán mi níṣẹ́.

Òfin ìdìbò tí ààrẹ bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún yìí sọ ọ́ ní abala 84 pé ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ fi dẹ́ligéètì yan olùdíje gbọ́dọ̀ la ọ̀nà tí wọ́n máa gbà dìbò yan àwọn dẹ́ligéètì náà sílẹ̀. Àwa ṣe tiwa. Àgbàlá kan nítòsí Ìgbóṣeré la pé sí. Òjò lé wa wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kálukú to sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, akọ̀wé wọ́ọ̀dù sì ń fi èédú fa ìlà sára ògiri bó ṣe ń kà wá. Ìlà 53 ló wà lẹ́yìn mi, 31 lẹ́yìn ẹnì kejì. Ọkùnrin tí mo borí ló kọ́kọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́.

Wọn ò jẹ́ kí n lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n kọ ìbéèrè mẹ́ta sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ìbò wa kó dáhùn wọn. Ọ̀kan lórí àwọn olùkọ́ yunifásítì tí wọ́n ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì: ọjọ́ wo ni ọmọ máa padà sí kíláàsì? Ọ̀kan lórí epo dísẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ bíi 300 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tó sì ti kọjá 700 báyìí. Oníbúrẹ́dì àdúgbò wa ló ní kí wọ́n kọ ìyẹn. Ẹ̀kẹta lórí ẹrù tó ń há sí Apápá títí owó ìdúró rẹ̀ fi ń jẹ èrè orí rẹ̀ tán. Èmi alára ló ni ẹ̀kẹta, mi ò fi pamọ́.

Ẹ sì mọ ohun tó mú kí ọdún yìí yàtọ̀. Òfin tuntun yẹn kò fi àyè ìbò sílẹ̀ fún àwọn tí ipò wọn nìkan ti ń sọ di dẹ́ligéètì tẹ́lẹ̀, bíi gómìnà àti àwọn aṣòfin. Ilé aṣòfin àpapọ̀ sáré tún un ṣe ní oṣù Kárùn-ún, ààrẹ kò bu ọwọ́ lù ú. Nítorí náà, àwa tí wọ́n dìbò yàn nísàlẹ̀ nìkan ni ìbò kù sí lọ́wọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo gbọ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé lọ́tẹ̀ yìí, aláṣọ àti oníbúrẹ́dì ló máa yan ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣe sùúrù. A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ, àmọ́ ohun tí ẹ fi wá ṣe gan-an nìyẹn.

2. Alẹ́ ọjọ́ òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ̀ pé mi ò parọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ní Àbújá, lálẹ́ tó ṣáájú ìdìbò, wọ́n kó wa sí yàrá ńlá kan nísàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ débi pé mo tú gèlè mi, mo fi bo èjìká. Ọmọkùnrin kan gbé báàgì Ghana-Must-Go kiri, ó ń gba fóònù wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń lẹ orúkọ mọ́ ọn. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó wo fóònù mi tí ojú rẹ̀ ti là, ó ní, "Mọ́mì, èyí náà?" Mo ní, "Èyí náà."

Aṣáájú kan dìde. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ti parí lókè. Orúkọ kan ló wà nílẹ̀." Ó kọ orúkọ náà sára pátákó funfun, ó ní kí kálukú kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kí òun wò ó, nítorí pé bí lẹ́tà kan bá ṣìnà, ìbò lè ṣòfò. Ìyá àgbà kan wà ní ìlà iwájú mi tí ìwé kíkọ kò rọ̀ lọ́rùn. Ó di bírò mú bí ẹni tó di ọmọ odó mú, ìwé náà ń ya. Wọ́n gbà á, wọ́n dá a padà. Wọ́n tún gbà á, wọ́n tún dá a padà. Lẹ́ẹ̀kẹta ni ọmọ kékeré kan tí akọ́bí ìyá náà á jù lọ lọ́jọ́ orí gbá a lọ́wọ́ mú, ó ń bá a kọ ọ́. Ìyá yẹn lè sọ iye kóńgò gaàrí tó wà nínú àpò láìtú ẹnu rẹ̀. Mo wo bó ṣe ń wolẹ̀, ojú tì mí fún gbogbo wa.

Mo nawọ́ sókè. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ìgbà wo ni olóyè yìí máa wá bá wa sọ̀rọ̀? Wọ́ọ̀dù mi fi ìbéèrè rán mi." Yàrá pa lọ́lọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́ wa ní òṣèlú." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo jókòó.

Lẹ́yìn náà ni àpò-ìwé wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún kálukú. Mi ò ṣí tèmi. Mo fi sílẹ̀ lórí àga tí mo dìde lórí rẹ̀, ẹni tó jókòó tì mí sì rí i. Ọ̀kan nínú wa tó mú tirẹ̀ sunkún nínú yàrá tá a jọ sùn lálẹ́ yẹn. Ó ní owó ilé ìwé ọmọ òun nìyẹn, ọmọ tó jẹ́ pé ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn kan náà ló dá a jókòó sílé. Mi ò bá a wí. Ẹni tó gbé owó síwájú ẹni tí ọ̀ràn wà lọ́rùn rẹ̀ ni kí ìgbìmọ̀ ìbáwí fìwé pè.

Tí ọ̀rọ̀ bá sì ti parí lókè lóòótọ́, òfin ní ọ̀nà tirẹ̀. Abala 84 yẹn kan náà fàyè gba ìfohùnṣọ̀kan, bí gbogbo olùdíje yòókù tí ẹgbẹ́ ti yẹ̀ wò bá fọwọ́ ara wọn kọ̀wé pé àwọn fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda, àwọn sì wà lẹ́yìn ẹni tó kù. Ta ló kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀? Àwọn olùdíje ṣì ń lẹ fọ́tò mọ́ ògiri òtẹ́ẹ̀lì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọbẹ̀ ìfohùnṣọ̀kan lẹ fẹ́ lá, ẹ kò fẹ́ dáná.

Lọ́jọ́ kejì, mo dìbò bí wọ́ọ̀dù ṣe rán mi. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń pa á lówe pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo fi tọmọ jẹ́ ẹ.

3. Ìwé tí mo bu ọwọ́ lù.

Kúkúrú ni èyí. Wọ́n ní ìwé ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn, ti àwọn tó wá sípàdé ni. Mo bu ọwọ́ lù ú, mo wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìwé yẹn kan náà lẹ gbé síwájú àwọn oníròyìn, ẹ ní gbogbo wa la ti fọwọ́ síwèé pé ẹnì kan là ń bá lọ. Wọ́n ti gé orí ìwé náà tí wọ́n kọ "Àwọn tó wá" sí dànù. Ní ọjà Balógun, ẹni tó bá gé etí aṣọ kúrò kó tó tà á, a mọ orúkọ tá a máa ń pè é.

4. Owó.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹgbẹ́ tiwa nìkan ni. Ọdún yìí, ẹgbẹ́ ńlá kan ta fọ́ọ̀mù ìdíje ààrẹ ní mílíọ̀nù 100 náírà, òmíràn tà á ní mílíọ̀nù 40. Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé gbèsè mi. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba là sílẹ̀, 30,000 náírà, tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò wọkọ̀, á kó gbogbo rẹ̀ jọ fún ohun tó lé ní ọdún 111 kó tó rí mílíọ̀nù 40. Mílíọ̀nù 100 á gbà á ní nǹkan bí ọdún 278. Mo tún un ṣírò torí mo rò pé mo ṣìṣe.

Abala 121 òfin ìdìbò sọ pé ẹni tó bá fowó ra ìbò, àti ẹni tó bá gbà á, lè fimú dánrin: ìtanràn tó lè tó 500,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ ìdìbò, ọmọ Ìdúmọ̀tà tó bá gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún lẹ́yìn ibùdó ìdìbò ni wọ́n máa sọ sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá. Kí la máa wá pe ti inú òtẹ́ẹ̀lì? Ẹ̀bùn? Owó ọkọ̀? Owó ọkọ̀ mi ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó kúrò l'Ékòó, ẹ̀yin náà lẹ fún mi, mo sì dúpẹ́.

5. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn ṣì wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, mo rò ó pé bóyá ẹni tó wọlé á tún wa gbọ́. Ìbò ti kọjá, ká gbé e jù sẹ́yìn. Mo gbé kàlẹ́ńdà yẹn lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ọmọ tó wà níbẹ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó ní wọ́n á pè mí. Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo rí ẹ̀dà náà lórí tábìlì, wọ́n fi di àkàrà.

Ní oṣù Kẹjọ, ìrẹsì dé. Àwòrán olùdíje wa wà lára àpò, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n pín in fún àwọn obìnrin, mo sì pín in, nítorí ebi ò mọ òṣèlú. Oníbúrẹ́dì gba tirẹ̀, ó gbé e sókè, ó wo ojú tó wà lára àpò, ó wo ojú mi. Ó ní, "Ìyá, ṣé èyí ni èsì ọ̀rọ̀ dísẹ́ẹ̀lì?" Láti ọjọ́ náà, ojú ọ̀nà mìíràn ni mò ń gbà lọ sí ọjà.

Ìdí tí mo fi ń sọ káàkiri pé mi ò ní polongo nìyẹn. Kí ni kí n sọ fún wọn? Ohun tí olùdíje bá wí ni ẹni tó ń polongo máa ń sọ. Tèmi kò wí nǹkan kan.

6. Áńtí-pátì.

Ọ̀rọ̀ yìí, pé mo ń ṣe lòdì sí ẹgbẹ́, ló wà nínú lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó, nítorí pé Èkó yìí ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1923 tí Herbert Macaulay dá ẹgbẹ́ NNDP (Nigerian National Democratic Party) sílẹ̀, obìnrin kankan ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò. Ọkùnrin tó ń rí 100 pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ló ní in. Síbẹ̀, àwọn obìnrin ọjà ló wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ náà, Alimotu Pelewura tó jẹ́ olórí wọn ní ọjà Eréko sì wà níwájú. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin ní 1940, Pelewura kó àwọn obìnrin lọ bá aláṣẹ, ìjọba sì sún iye tí obìnrin gbọ́dọ̀ máa rí lọ́dún kó tó san án sókè. Kò sẹ́ni tó pe tirẹ̀ ní áńtí-pátì. Àwọn obìnrin tí kò ní ìbò ń sọ̀rọ̀, èmi tí mo ní ìbò lẹ wá ní kí n dákẹ́.

Ẹgbẹ́ NYM (Nigerian Youth Movement) tó na NNDP ní ìdìbò Èkó lọ́dún 1938 ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n máa fà kalẹ̀ ló fọ́ ọ. Àyè kan ṣí sílẹ̀ ní ìgbìmọ̀ aṣòfin, àwọn kan fẹ́ Ernest Ikoli, àwọn kan fẹ́ Samuel Akinsanya. Ikoli ni wọ́n mú. Akinsanya bínú jáde, Azikiwe náà bínú jáde, 1941 nìyẹn, ẹgbẹ́ náà kò sì gbérí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń ka ìtàn yìí fún wa bí ẹni ń kìlọ̀ fún ọmọ. Èmi náà ti gbọ́ ìkìlọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bínú jáde. Jíjáde rọrùn, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti pè mí, wọ́n sì mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ jù yín lọ. Nínú ilé ni mo fẹ́ jà á sí.

Ẹ sì rántí Jos, oṣù Kẹta 1993, níbi tí ẹgbẹ́ SDP ti yan olùdíje ààrẹ. Abíọ́lá, Kingibe, Atiku. Ìbò àkọ́kọ́ kò yanjú rẹ̀, wọ́n tún un dì, Abíọ́lá borí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé owó ò rìn ní Jos, mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó ti ibẹ̀ wá, a gbà á bí ẹni wa. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1994 tó wá sí Epétedó níbí, tó kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ, ọmọbìnrin tó ń kiri omi tútù ni mí. Èrò pọ̀ débi pé mi ò rí ojú rẹ̀, ohùn nìkan ni mò ń gbọ́ láàárín ariwo. Mo dá ike omi sílẹ̀, mo ń pariwo bíi tiwọn. Ìyá mi nà mí nígbà tí mo délé torí ike náà sọnù. Kò sẹ́ni tó fún wa ní ìrẹsì lọ́jọ́ náà o.

7. Ẹ̀bi tèmi.

Mo ní ẹ̀bi. Mo jókòó nígbà tí wọ́n ní kí n jókòó. Mo dákẹ́ láti oṣù Kẹfà títí di ìsinsìnyí, nítorí mo rò pé ẹ máa fúnra yín tún un ṣe, àti nítorí, kí n má tan yín, mo ń retí kí wọ́n fún àwọn obìnrin wa ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ṣèlérí lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Ọjọ́ tí mo rí orúkọ mi ní nọ́ńbà 17 ló yé mi pé ìdákẹ́jẹ́ mi lẹ ti tà.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Òfin ní ìpolongo máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù yìí, nítorí náà àyè ṣì wà.

Ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé yẹn ṣáájú ọjọ́ 28, kí ẹ sì sọ ọ́ lórí WhatsApp kan náà tí ẹ ti fi í síta. Bí ẹ bá sì tún fẹ́ lo orúkọ bàbá mi lọ́jọ́ iwájú, ẹ bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ gbé ìwé ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn jáde lódindi, tòun ti orí rẹ̀.

Kí olùdíje wa wá sí Epétedó. Kò nílò kánópì, kò nílò onílù. Kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí kan, kó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Bí èsì rẹ̀ bá tẹ́ wọ́ọ̀dù lọ́rùn, wọ́ọ̀dù á sọ fún mi, màá sì ran aṣọ ẹgbẹ́ fún ara mi láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí n máa ta ọjà mi.

Ní ti ìgbìmọ̀ ìbáwí, mi ò ní wá sí ọ́fíìsì yín. Àwọn tí ẹ fẹ́ bi mí nípa iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò sí níbẹ̀. Wákàtí 48 tí ẹ fún mi pé ní àárọ̀ yìí, lẹ́tà yìí sì ni èsì mi. Ìpàdé wọ́ọ̀dù wa máa wáyé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin, ní àgbàlá kan náà. Àmì èédú yẹn ṣì wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ lè kà á fúnra yín. Ẹni tó bá ń bọ̀ kó mú àga tirẹ̀ dání, bẹ́ǹṣì wa ò pọ̀.

Èmi ni tiyín,
Dẹ́ligéètì yín, aláṣọ ní Balógun, láti Epétedó